Afẹ́fẹ́ inú páálí: bí owó ohun ìṣeré ọmọdé ṣe ń di ìlọ́po mẹ́ta kó tó dé Àbújá

Àárín òru ni àbúrò mi obìnrin tó ń tajà ní Nyanya fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ohun èlò ìdáná tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni: ìkòkò kékeré, ṣíbí, sítóòfù tó ń tan iná pupa, tòmátì oníke tí wọ́n là sí méjì. Yúánì 12, owó ilẹ̀ Ṣáínà, ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣírò rẹ̀ sí náírà kó tó pè mí, ó sì ti rí irú rẹ̀ gan-an ní ọjà Wuse ní iye tó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo èrè! Owó àjọ mi á bọ́ sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, òun ni mo fẹ́ fi rà á." Mo ní kó lọ sùn ná. Mo ní bílẹ̀ bá mọ́, kó bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo ni páálí rẹ̀ ṣe tóbi tó?

Inú bí i díẹ̀. Ó rò pé mò ń fi ìrònú àgbà dí òun lọ́nà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ni gbogbo òwò yìí dúró lé. Ìdí tí ọ̀rọ̀ kíkó ohun ìṣeré wọlé fi ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé iye tí wọ́n kọ sára ọjà ni wọ́n tẹjú mọ́. Ike díẹ̀ àti afẹ́fẹ́ púpọ̀ lẹ̀ ń rà. Iye ike lẹ rí lójú fóònù. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yìn ọ̀la ni wọn á gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọjà náà ti ń wá. Ṣáínà ló ti ń wá, a mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n Ṣáínà kì í ṣe abúlé. Orúkọ ibi mẹ́ta ló yẹ kó wà lórí yín. Chenghai, ní ìlú Shantou ní ìpínlẹ̀ Guangdong, ni wọ́n ti ń ṣe ohun ìṣeré oníke jù; bí Abẹ́òkúta ṣe jẹ́ fún àdìrẹ ni ibẹ̀ ṣe jẹ́ fún ọkọ̀ ìṣeré àti ọmọláńgidi. Yiwu, ní ìpínlẹ̀ Zhejiang, jẹ́ ọjà tí ìsọ̀ inú rẹ̀ lé ní 70,000, tí wọ́n pín sí agbègbè agbègbè, agbègbè àkọ́kọ́ sì ni àwọn tó ń ta ohun ìṣeré wà. Ẹ̀kẹta ni Guangzhou, níbi tí òpópónà Yide ti kún fún ohun ìṣeré, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ti ń ná ọjà láti ọjọ́ pípẹ́. Guangzhou yìí náà ni wọ́n ti ń ṣe Canton Fair, ìpàtẹ ọjà ńlá, ní oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹwàá lọ́dọọdún; láti 1957 ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹni tí kò lè lọ á ra ọjà lórí fóònù. Níbẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ àkọ́kọ́ wà, nítorí àwọn ènìyàn máa ń da Alibaba àti 1688, ìkànnì ìtajà méjì, pọ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n, láti inú ilé iṣẹ́ kan náà tó bẹ̀rẹ̀ ní Hangzhou ní 1999. Àwa àjèjì ni wọ́n ṣe Alibaba fún: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, dọ́là ni wọ́n fi ń ná an, ẹni tó ń tà á sì lè bá yín kó o dé èbúté. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ni wọ́n ṣe 1688 fún: èdè wọn ni, yúánì ni, ó sì sábà máa ń dínwó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà lórí 1688 kò mọ Nyanya, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Inú Ṣáínà lọ́hùn-ún ló ń gbé ọjà dé. Ẹ gbọ́dọ̀ ní éjẹ́ńtì tó ní ilé ìkẹ́rùsí ní Guangzhou tàbí Yiwu, tí yóò gba ẹrù yín, tí yóò sì san owó fún olùtajà. Yúánì 12 tí àbúrò mi rí, orí 1688 ló ti rí i. Ìyẹn ni pé kò sí kọ́bọ̀ ọkọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Ẹ tún máa rí lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta tí wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó: EXW, FOB, CIF. Ẹ fi iṣu Zaki Biam wò ó. Bí àgbẹ̀ bá ní ₦2,000 ni iṣu kan, ẹ gbọ́dọ̀ bi í pé níbo? Bó bá jẹ́ lórí ebè rẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín gbé e, EXW nìyẹn. Bó bá bá yín gbé e sórí lọ́rì, tó ku ọkọ̀ tí ẹ máa san, FOB nìyẹn, àyàfi pé ọkọ̀ ojú omi ni lọ́rì tiwa. Bó bá jẹ́ pé òun ló san owó ọkọ̀ àti owó adójútòfò dé ìlú tiyín, CIF ni. Kí ẹ sì rántí pé "ìlú tiyín" nínú CIF, Àpápá ló sábà máa ń jẹ́. Kì í ṣe Wuse. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láti Àpápá dé Wuse, ọ̀rọ̀ tiyín ni.

Ó wá kan afẹ́fẹ́.

Ọkọ̀ ojú omi kì í sábà fi ìwọ̀n gba owó ẹrù kéékèèké. Àyè tí ẹrù gbà ló ń gba owó rẹ̀. CBM ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n náà: àyè tí àpótí kan yóò gbà bó bá gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Bí ẹ bá ti mọ gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí kan ní sẹ̀ńtímítà, ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po ara wọn, kí ẹ wá pín in sí mílíọ̀nù kan. Ó tán. Ìṣirò tí ọmọ JSS lè ṣe ni, òun náà sì ni àwọn àgbà ń torí rẹ̀ pàdánù owó àjọ.

Ìdáhùn dé fún àbúrò mi ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Páálí náà gùn ní sẹ̀ńtímítà 80, ó fẹ̀ ní 50, ó ga ní 60. Mẹ́rìnlélógún ló wà nínú rẹ̀. 80 lọ́nà 50 lọ́nà 60, 240,000 nìyẹn. Ẹ pín in sí mílíọ̀nù kan, CBM 0.24. Ká ní yúánì kan jẹ́ ₦200, ká sì ní éjẹ́ńtì ń gba ₦450,000 lórí CBM kan, láti Guangzhou dé Èkó, tí kíkó o kọjá lọ́wọ́ aṣọ́bodè sì wà nínú rẹ̀. (Iye méjèèjì yìí, mo kàn mú wọn kí ìṣirò lè rọrùn ni. Ẹ bèèrè ti ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà.) Ọjà inú páálí kan jẹ́ yúánì 288, èyí tí í ṣe ₦57,600. Owó ọkọ̀ páálí kan náà jẹ́ ₦108,000.

Ẹ tún un kà. Owó ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó ọjà. Ohun èlò ìdáná kan tí a rà ní ₦2,400 ti di ₦6,900 kó tó kúrò ní Èkó, a ò sì tíì san owó mọ́tò inú Ṣáínà láti ọ̀dọ̀ olùtajà dé ọ̀dọ̀ éjẹ́ńtì, a ò tíì san owó ìwọkọ̀ ẹrù wá sí Àbújá, a ò tíì yọ èyí tó fọ́. Ẹni tó ń tà á ní Wuse tí àbúrò mi rò pé ó ń jẹ èrè àjẹpajúdé, ó lè jẹ́ pé díẹ̀ ló ń jẹ.

Ẹ wá fi wé ọjà mìíràn. Kúúbù aláwọ̀ mẹ́fà tí àwọn ọmọ ń yí, yúánì 4 ni ọ̀kan. Páálí rẹ̀ gùn ní 50, ó fẹ̀ ní 40, ó ga ní 30, CBM 0.06, ọgọ́fà ló sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ₦800, owó ọkọ̀ páálí jẹ́ ₦27,000, tí ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦225. Ó dé Èkó ní ₦1,025. Bí ẹ bá tà á ní ₦2,000, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ owó yín di méjì. Kò dùn ún wò bíi ohun èlò ìdáná, kò tan iná pupa, ṣùgbọ́n kò gbé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́.

Ẹlòmíràn á ní òun ò ní àkókò, ọkọ̀ òfuurufú lòun máa fi kó o, kílò ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kílò ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú náà ò gọ̀. Wọ́n á wọn páálí yín, wọ́n á sọ gígùn, fífẹ̀ àti gíga di ìlọ́po ara wọn, wọ́n á pín in sí 6,000, wọ́n á wá wo èyí tó pọ̀ jù láàárín ohun tí wọ́n rí àti ohun tí òṣùwọ̀n sọ. Páálí ohun èlò ìdáná wa, 240,000 tí a pín sí 6,000, kílò 40 nìyẹn. Kódà bó bá jẹ́ kílò 14 ló wọ̀n lójú òṣùwọ̀n, owó kílò 40 lẹ máa san. Bí ohun ìṣeré náà bá tún ní bátìrì nínú, wọ́n á fi sí ọ̀wọ́ ẹrù tó nílò àmójútó, owó rẹ̀ á sì tún ga sí i. Nítorí náà ni mo fi máa ń sọ pé ohun tí èèyàn lè fi ọkọ̀ òfuurufú kó nínú òwò yìí kò pọ̀: káàdì eré, ìwé àlẹ̀mọ́ fún ọmọdé, nǹkan pẹlẹbẹ.

Ọgbọ́n wà tí a fi ń dín afẹ́fẹ́ kù. Ẹ lè ní kí wọ́n má fi í sínú àpótí aláràbarà, kí wọ́n kàn dì í sínú ọ̀rá, páálí tó ń gba mẹ́rìnlélógún lè gba ogójì. Ọkọ̀ ńlá tí ọmọ ń gùn, ẹ ní kí wọ́n má tò ó, kí táyà wà lọ́tọ̀, kí ìjókòó wà lọ́tọ̀. Korobá ìṣeré, kí wọ́n kó wọn bọ inú ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tó ń ra ọjà yín. Ní Nyanya àti Mararaba, ìyá á ra èyí tó wà nínú ọ̀rá láìbèèrè, ó fẹ́ kí ọmọ dákẹ́ ni. Ní Maitama tàbí Gwarinpa, ọjọ́ ìbí ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń lọ; bí kò bá sí àpótí tó ní ojú fèrèsé tí ọmọláńgidi á máa wo ìta nínú rẹ̀, wọn kò ní mú un. Àpótí yẹn gan-an ni wọ́n ń rà. Nínú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ti di ọjà, ẹ fi owó rẹ̀ lé e.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa sẹ̀ńtímítà díẹ̀ sí i, nítorí ó ti dójú tì mí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo rí ọmọláńgidi kan nínú àwòrán, ó wọ aṣọ ìyàwó funfun, irun rẹ̀ kan èjìká. Nínú àwòrán kejì, ọmọbìnrin kékeré kan gbé e mọ́ àyà. Mo ra ọ̀ọ́dúnrún. Nígbà tí mo ṣí páálí àkọ́kọ́ ní iwájú ilé, ọmọláńgidi tó wà níbẹ̀ kò ga ju bírò lọ. Mo rò pé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ, mo pariwo lé éjẹ́ńtì mi lórí. Ó rọra fi ojú ìwé tí mo ti rà á hàn mí: gíga, sẹ̀ńtímítà 14. Ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ inú àwòrán kejì yẹn, ọmọláńgidi mìíràn ló gbé. Àwọn tó ń ṣe kéèkì ní Garki ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ń fi í sórí kéèkì ọjọ́ ìbí. Ó tó oṣù mẹ́sàn-án kó tó tán. Láti ọjọ́ náà, táàpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ ń gbé nínú báàgì mi. Mo máa ń fà á síta lórí tábìlì kí n lè fi ojú rí ohun tí nọ́ńbà ń sọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè ni ó tún máa ń dẹ́rù bani. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tó ní ẹrù tó kún kọ̀ńténà (ti ẹsẹ̀ 20 gba nǹkan bí CBM 28 bí wọ́n bá tò ó dáadáa) á ṣe é lórúkọ ara rẹ̀: á gba Form M, ìwé tí a fi ń kéde ọjà tí a fẹ́ kó wọlé, ní báńkì kí ẹrù tó wọ ọkọ̀, á gba ìwé SONCAP tí SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, fi ń jẹ́rìí sí ọjà tó ń bọ̀ láti òkèèrè, ohun ìṣeré ọmọdé sì wà lára ohun tó nílò rẹ̀, àwọn aṣọ́bodè á wá fún un ní PAAR, ìwé tó sọ iye tí wọ́n ka ẹrù náà sí. Láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fẹnu kò sí òṣùwọ̀n owó ibodè kan náà, ipele márùn-ún ló wà: òdo, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun ìṣeré ọmọdé, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé aṣọ́bodè jẹ́ 9503, wà ní ipele 20. VAT 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tún wà lórí ìyẹn, àti àwọn owó kéékèèké mìíràn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé wọn kì í ṣírò 20 yẹn lórí iye ike nìkan. Iye ọjà pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti adójútòfò ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé lórí. Afẹ́fẹ́ tí ẹ san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún máa san owó ibodè lé e.

Ẹni tó ní páálí mẹ́rin tàbí mẹ́wàá kò lè ṣe gbogbo èyí. Òun ló fi jẹ́ pé éjẹ́ńtì máa ń kó ẹrù èèyàn ogójì jọ sínú kọ̀ńténà kan, á gba iye kan lórí CBM, á ní ohun gbogbo wà nínú rẹ̀. Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì ní sọ pé ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Orúkọ éjẹ́ńtì ló wà lórí ìwé, kì í ṣe tiyín. Bí ọ̀kan nínú àwọn ogójì yẹn bá kó ohun tí ìjọba fòfin dè sáàárín ẹrù rẹ̀, gbogbo kọ̀ńténà ni wọ́n máa dá dúró, ọmọláńgidi yín á sì máa sun èbúté pẹ̀lú ẹrù ẹlẹ́ṣẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó bi éjẹ́ńtì ní iye tó ń gbà, ẹ bi í ní irú ẹrù tí kì í gbà. Èyí tó bá ní gbogbo nǹkan lòun ń gbà, ẹ sá fún un.

Ohun tí ìjọba kò fẹ́ kò ṣe é fi ojú mọ̀, nítorí náà ẹ yẹ ìwé tí àwọn aṣọ́bodè to ọjà tí wọ́n fòfin dè sí wò. Bírò wà nínú rẹ̀. Mo mọ obìnrin kan tó rò pé òun máa fi bírò olórí ẹranko díẹ̀díẹ̀ sí inú páálí ohun ìṣeré, kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè rà á; bírò wà lára ọjà tí wọ́n kò gbà láyè láti kó wọlé. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi irú ike tó máa ń gbiná kíákíá ṣe wà níbẹ̀. Ìbọn tó ń fi afẹ́fẹ́ yin ọta wà níbẹ̀. Ní tèmi, ní Òkè Ọya tí a wà yìí, pẹ̀lú iye ibi tí àwọn ọmọ ogun ti ń dá ọkọ̀ dúró, mi ò ní fi owó mi ra ìbọn ìṣeré dúdú tó jọ ti gidi rárá, ìbáà jẹ́ omi ló ń tú. Àwòrán inú fíìmù ọmọdé náà ńkọ́? Ọkùnrin aláǹtakùn, ọmọbìnrin yìnyín, gbogbo wọn ló ní olówó. Báàgì tàbí ọmọláńgidi tí wọ́n ya wọ́n sí láìgba àṣẹ, ayédèrú ni lójú òfin, kì í ṣe pé ó kàn dínwó.

Ibi tí mo ti máa ń gbóná mọ́ àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ mi ni ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ. Àwa tí a wà níhìn-ín kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wa ohun tí òjé lè ṣe. Ní 2010, ní Zamfara, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti yọ wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Òjé kan náà ni àwọn kan ń fi sínú ọ̀dà kí àwọ̀ pupa àti yẹ́lò lè tàn. Ní 2007, Mattel, tó wà lára àwọn ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré tó tóbi jù láyé, ní láti kó ohun ìṣeré tó pọ̀ gan-an padà lọ́jà nítorí òjé tó wà nínú ọ̀dà tí wọ́n fi kùn wọ́n ní Ṣáínà. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí Mattel, ó lè ṣẹlẹ̀ sí páálí mẹ́rin tiyín. Ẹ bèèrè ìwé àyẹ̀wò EN 71, tí í ṣe òṣùwọ̀n Yúróòpù, tàbí ASTM F963, tí í ṣe ti Amẹ́ríkà. Kí nọ́ńbà ọjà inú ìwé náà bá ti ọjà tí ẹ fẹ́ rà mu. Ìwé ọkọ̀ ìṣeré kò lè jẹ́rìí fún ọmọláńgidi. Lẹ́tà CE tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń sọ pé ọjà náà bá òfin Yúróòpù mu, kò tó. Ẹni tó ń ṣe ọjà ló ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò nílò ìwé, ọwọ́ yín lẹ fi máa mọ̀ ọ́n. Bí ibi tí bátìrì wà kò bá ní ìdè tí wọ́n ń fi irin yí, ẹ má rà á, pàápàá bó bá jẹ́ bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bíi bọ́tìnnì. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀fun, láàárín wákàtí méjì ó ti lè jó ọ̀fun náà. Ojú ọmọlańgidi, ẹ fà á. Táyà ọkọ̀ kékeré, ẹ fà á. Ohun tó bá já, tó sì lè wọ inú ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 31.7, lè dí ọ̀fun ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ẹ ò ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n ẹ ní páálí róbótó tó wà ní àárín tíṣù ilé ìgbẹ́. Ó fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà ohun tó bá wọ inú rẹ̀, ẹ má fún ìkókó. Àmì kan sì wà tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára àpótí: ojú ọmọ kékeré, 0-3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òbìrí pupa àti ìlà tó fi dá a lẹ́kun. Mo ti rí ẹni tó ń sọ fún oníbàárà pé "ọmọ ọdún òdo sí mẹ́ta" ni wọ́n ṣe é fún. Òdìkejì rẹ̀ pátápátá ni.

Owó sísan: ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni ilé iṣẹ́ sábà máa ń gbà ṣáájú, ìdá 70 tó kù á di ìgbà tí ọjà bá ṣetán. Kí àkáǹtì tí ẹ ń sanwó sí jẹ́ ti ilé iṣẹ́, kó má jẹ́ orúkọ èèyàn kan. Lórí Alibaba, ẹ má jẹ́ kí olùtajà fà yín jáde lọ sanwó níbòmíràn, nítorí ààbò tí wọ́n ń pè ní Trade Assurance kò ní tẹ̀lé yín jáde. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìdá 70 yẹn, iye dọ́là ọjọ́ tí ẹ máa san án lẹ máa fi san án. Ní oṣù Kẹfà 2023 tí báńkì àpapọ̀ jẹ́ kí náírà wá ipele ara rẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 kọjá ₦700 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó ti san ìdá 30 ṣáájú ìgbà náà wá rí i pé ìyókù ti di òkè.

Àkókò tún wà. Ẹrù ojú omi láti Ṣáínà títí tí yóò fi kúrò ní èbúté Èkó lè gba oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ ta ohun ìṣeré Kérésì, kí ẹrù rẹ̀ ti wà lójú omi ní oṣù Kẹsàn-án, nítorí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹwàá ni àwọn ará Ṣáínà ń ṣe ìsinmi orílẹ̀-èdè wọn. Ọdún tuntun wọn, tí ó máa ń bọ́ sáàárín ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kìíní àti ogúnjọ́ oṣù Kejì, ni ilé iṣẹ́ máa ń tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó ń wo ọjọ́ àwọn ọmọdé, May 27, kó ti ra tirẹ̀ kí wọ́n tó tì.

Láti Èkó wá síbí, èbúté orí ilẹ̀ ti wà ní Kàdúná láti 2018, ti Dala ní Kánò sì ṣí ní 2023, ẹni tó ní odindi kọ̀ńténà lè kọ orúkọ ibẹ̀ sórí ìwé rẹ̀. Páálí mẹ́rin ò dé ibẹ̀. Gáréèjì ni tirẹ̀: Lọ́kọ́ja, lẹ́yìn náà Jabi tàbí Utako. Awakọ̀ tó fẹ́ gbé e kò mọ ohun tó ń jẹ́ CBM, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Á wo páálí yín lókè àti nísàlẹ̀, á ní "èyí á gba ibi èèyàn méjì," á sì bu owó lé yín. Afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó nǹkan, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó má tíì dé Ṣáínà. Kó lọ sí Ìdúmọ̀tà, kó ra mẹ́fà mẹ́fà nínú oríṣi mẹ́wàá, kó tò ó síwájú ìsọ̀ rẹ̀, kó rí èyí tí àwọn ọmọ ń fa ìyá wọn láṣọ nítorí rẹ̀. Èrè ibẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti san owó afẹ́fẹ́, ẹ̀yin sì ti mọ ohun tó ń tà.

Àbúrò mi ò gbọ́ tèmi délẹ̀ o. Ó ra páálí ohun èlò ìdáná kan nítorí iná pupa yẹn, ó ní ọkàn òun ò lè kúrò lára rẹ̀, ó sì fi ìyókù owó àjọ ra kúúbù páálí márùn-ún. Ẹrù ti wọ ilé ìkẹ́rùsí ní Guangzhou. Mo ti ní kó ní kí éjẹ́ńtì wọn páálí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níbẹ̀, kó sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú táàpù lórí rẹ̀, nítorí òṣùwọ̀n olùtajà àti òṣùwọ̀n éjẹ́ńtì kì í sábà dọ́gba. Fọ́tò náà dé lánàá. Páálí ohun èlò ìdáná tí wọ́n ní ó ga ní 60, 66 ni táàpù kà.

Ó ti pè mí láàárọ̀ yìí. "Ẹ̀gbọ́n mi, sẹ̀ńtímítà mẹ́fà yẹn, èló ni?"

₦10,800 ni.